Ta Ni Yóò Di Etí Okùn Kejì Mú? Àgbéyẹ̀wò Eré Ìje Orí Títì àti Àwọn Akàndá Ẹ̀dá

Ọmọdé ló máa ń ṣíwájú, ọ̀pá á wà láàárín, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran á sì máa tẹ̀ lé e. Kò sí ọjà ńlá kan ní Òkè-Ògùn ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, tí irú ìrìn yìí ṣàjèjì sí. Ọmọ náà ló mọ ibi tí kòtò wà, òun ló mọ ìsọ̀ tí wọ́n ti máa ń ta ènìyàn lọ́rẹ. Bí ọmọ bá yà sọ́tùn-ún, àgbà á yà sọ́tùn-ún. Bí ọmọ bá dúró wòran, àgbà á dúró dè é.

Òfin eré ìje kò gba irú ìfinimọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje tí àjọ World Para Athletics ń bójú tó, amọ̀nà kò gbọdọ̀ fa eléré, kò gbọdọ̀ tì í, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìlà ìparí ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn méjèèjì ti ń sáré, okùn kúkúrú kan tí kì í nà bíi rọ́bà ló so ọwọ́ wọn pọ̀. Eléré ló ni eré, òun ló ń pinnu bí yóò ṣe yá tó. Ojú nìkan ni amọ̀nà yá a.

Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá dárúkọ akàndá ẹ̀dá níbi ayẹyẹ eré ìdárayá nílẹ̀ wa, ẹni tí wọn yóò ṣàánú ni wọ́n ń rò: wọn á pè é sórí pèpéle, wọn á bá a ya fọ́tò, wọn á gbé àpò ìrẹsì lé e lọ́wọ́. Ohun tí eléré ń béèrè yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó ń béèrè títì tó ṣeé sá, aago tó yẹ, amọ̀nà tó lè bá a dé òpin, àti ìwé àbájáde tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Eré orí títì ti di nǹkan ńlá ní Nàìjíríà láàárín ọdún díẹ̀. Ní 2013 ni Okpekpe, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè ìpínlẹ̀ Edo, kọ́kọ́ gbàlejò eré kìlómítà 10 tí òkìkí rẹ̀ ti kọjá Nàìjíríà báyìí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2016, Èkó bẹ̀rẹ̀ Marathon tirẹ̀, Abraham Kiptum ọmọ Kenya ló sì gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà. Abẹ́òkúta náà ní eré kìlómítà 10. Ti Okpekpe ló yẹ kó ru ará Òkè-Ògùn sókè jù, nítorí kì í ṣe ìlú ńlá, kò ní pápákọ̀ òfúrufú, òkè rẹ̀ sì ga débi pé ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Títì tó dára àti àwọn tó múra tán láti fi owó sí i ló gbé e dé ibi tó dé.

Bó bá jẹ́ ti títì ni, Òkè-Ògùn ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65 ni. Wọ́n ti tún ti Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn ṣe pẹ̀lú, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 35. Marathon odidi jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Ó wọ inú ọ̀nà Mọníyà, ó sì tún ṣẹ́kù. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ojú ọ̀nà gbòòrò, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀, ẹni tó wà lórí ìgẹ̀rẹ́ kan lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè. Tí ènìyàn bá fi èyí wé Èkó, níbi tí wọ́n ti ní láti ti afárá Third Mainland pa kí eré tó lè kọjá, yóò rí i pé Ọlọ́run ti bá Òkè-Ògùn ṣe apá kan nínú iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n títì tó dùn ún sá wà lóríṣiríṣi. Èyí tó dùn fún ẹlẹ́sẹ̀ lè jẹ́ ìdààmú fún ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ló sì kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn eré orí títì fún àwọn akàndá ẹ̀dá. Ní 1975, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bob Hall, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti bá jà ní kékeré, ní òun fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ arọ sá Marathon Boston. Will Cloney tó ń darí eré náà ní kò burú. Bí Hall bá lè parí rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta, òun yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí bíi ti ẹnikẹ́ni. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 58 ni Hall lò. London fi ìdíje oníkẹ̀kẹ́ kún tirẹ̀ ní 1983. New York di ọdún 2000 kó tó fún wọn ní ìsọ̀rí tiwọn. Ní 2024 ni London wá di Marathon àkọ́kọ́ tó fún oníkẹ̀kẹ́ tó gbégbá orókè ní owó kan náà pẹ̀lú ẹni tó fẹsẹ̀ sá: dọ́là 55,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí Hall ti gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn, ọdún 49 ni.

Ẹni tí kò bá rí kẹ̀kẹ́ ìje rí lè rò pé ìjókòó lásán ni. Táyà mẹ́ta ló ní, ńlá méjì lẹ́yìn, kékeré kan síwájú pátápátá. Eléré á kúnlẹ̀ tàbí kó ká ẹsẹ̀ sínú rẹ̀, á wọ ìbọ̀wọ́ líle, á sì máa lu àmúga táyà sísàlẹ̀. Marcel Hug ọmọ Switzerland fi tirẹ̀ sá Marathon ní Oita, lórílẹ̀-èdè Japan, ní 2021, wákàtí 1, ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 47 ló lò. Ìyẹn ju kìlómítà 32 lọ ní wákàtí kan. Tí a bá fi Hug sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kelvin Kiptum tó fẹsẹ̀ sá Marathon Chicago ní 2:00:35 ní 2023, Kiptum yóò ṣì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 27 nígbà tí Hug bá ti parí. Ìdí nìyí tí oníkẹ̀kẹ́ fi gbọ́dọ̀ gbéra ṣáájú àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá jọ gbéra, oníkẹ̀kẹ́ á há sáàárín ẹgbàá ẹsẹ̀. Bó bá dé ìgẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀, ara ẹlòmíràn ni yóò já sí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ìtọ́jú ọ̀ràn yìí ń gbà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Èyí tí yóò náni lówó ni bọ́mpù. Ìlú tí títì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, bọ́mpù ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè fún, wọ́n sì jàre: ọkọ̀ tó ń sáré gba iwájú ilé ìwé kọjá kì í mọ ọmọ kékeré. Bí ìjọba kò bá ṣe é, ará àdúgbò á fi sìmẹ́ńtì ṣe tiwọn, á ga bí òkìtì. Ẹlẹ́sẹ̀ á fò ó láìbojúwẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ ìje tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ á dúró sórí rẹ̀ tàbí kó dojú dé. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ibi tí wọ́n bá yàn fún oníkẹ̀kẹ́ jẹ́ àárín ìlú méjì, lórí ọ̀nà tó jìn sí ilé, tàbí kí wọ́n gbé pákó tó dagun sí ẹ̀gbẹ́ bọ́mpù méjèèjì. Wọ́n sì ní láti gbá títì. Lásìkò ọyẹ́, iyanrìn pupa máa ń kóra jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà, ìyẹn gan-an ni táyà iwájú máa ń yọ̀ lé.

Kí a má tan ara wa jẹ, kẹ̀kẹ́ ìje kò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọ̀kan tó dára ń ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, àwọn tó sì lò ó dáadáa bíi Hannah Babalola, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, òkèèrè ni wọ́n ti ń fi sáré jù. Ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni kẹ̀kẹ́ afọwọ́wà onítáyà mẹ́ta, èyí tí wọ́n fi irin jó, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń fi ọwọ́ yí bí ẹni ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ayuba Burki Gufwan, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kékeré, ló ń ṣe é ní Jos, ó sì ti pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ káàkiri kó tó di ọ̀gá àgbà àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá. Kí ló dé tí eré ìje ní Òkè-Ògùn kò fi lè ní ìsọ̀rí kan fún irú kẹ̀kẹ́ yìí? Àwọn tó ń rinkinkin mọ́ òfin lè ní kò sí nínú ìwé òfin World Para Athletics. Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró de kẹ̀kẹ́ ìje kó tó ṣètò eré fún oníkẹ̀kẹ́, yóò dúró pẹ́. Ohun kan tí kò yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n da kẹ̀kẹ́ afọwọ́wà pọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ìje nínú ìdíje kan ṣoṣo, nítorí ṣéènì àti jíà ń ran ọ̀kan lọ́wọ́, apá lásán ló ń gbé èkejì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ irú ti ìgbẹ́ (wild poliovirus) ti tán ní Áfíríkà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àrùn náà ti bá jà ti di géńdé àti àgbà, apá wọn ti le, wọ́n ti ń dá bùkátà gbọ́. Eléré ni wọ́n lè jẹ́ báyìí, bí ẹnìkan bá fà wọ́n létí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ríran ló le jù, nítorí kì í ṣe ohun tí wọ́n lè rà ló nílò. Ènìyàn ló nílò.

Ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn sárésáré tí ojú ń dà láàmú sí. T11 ni ti ẹni tí kò ríran rárá tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran. Dandan ni amọ̀nà fún un. T12 ń rí díẹ̀, ó lè mú amọ̀nà, ó sì lè dá sáré. T13 ń dá sáré. Nínú Marathon, òfin gba T11 àti T12 láyè láti lo amọ̀nà méjì, wọ́n sì lè pààrọ̀ ara wọn ní kìlómítà 10, 20 tàbí 30 nìkan. Kì í ṣe ẹni tó bá ti rẹ̀ ni yóò kàn já okùn sílẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà.

Kí ló fà á tí wọ́n fi gba amọ̀nà méjì? Ẹ wo ọ̀rọ̀ Henry Wanyoike. Ní 1995, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọmọ Kenya yìí, ojú rẹ̀ sì lọ. Ó pa dà sórí eré. Nígbà tí ìdíje Paralympics dé Sydney ní 2000, ara amọ̀nà rẹ̀ kò dá nínú eré mítà 5,000, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lọ. Wanyoike tí kò ríran ló fa ẹni tó ríran dé ìlà ìparí, ó sì gba wúrà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré, Joseph Kibunja, sá Marathon Hamburg ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 31 àti ìṣẹ́jú àáyá 31. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejìlélógójì, kí Kibunja sì tún máa sọ̀rọ̀ jálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní sárésáré ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò lè sá bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀ rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùṣètò ti ń ṣìṣe nìyí. Wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni tó bá lójú tó sì láàánú lè ṣe amọ̀nà. Àánú kì í sáré kìlómítà 10. Bí afọ́jú kan bá lè sá a ní ogójì ìṣẹ́jú, amọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sá a ní ìṣẹ́jú 36 tàbí 37, kí èémí tó kù fún un lè tó fi sọ pé bọ́mpù ń bọ̀, pé ọ̀nà fẹ́ yà sósì, pé ọlọ́kadà kan ti já wọlé. Ẹni tó yá tó bẹ́ẹ̀ sì ní eré tirẹ̀ tó fẹ́ sá, ó ní owó tó fẹ́ gbà. Kí ló máa mú un fi tirẹ̀ sílẹ̀ láti bá ẹlòmíràn sáré?

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, níbi Paralympics Paris, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Elena Congost ọmọ Spain ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí Marathon T12 ti àwọn obìnrin, idẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mítà díẹ̀ sí ìlà, iṣan ẹsẹ̀ di amọ̀nà rẹ̀, Mia Carol, mú, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Congost já okùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan láti gbá a mú. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje lójú ẹsẹ̀; Misato Michishita ọmọ Japan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gba idẹ náà lọ́jọ́ yẹn. Àríyànjiyàn rẹ̀ ká ayé. Òfin ni òfin, àmọ́ ó ṣòro láti rí ẹni tí Congost rẹ́ jẹ. Ohun tó hàn kedere ni pé ara amọ̀nà lè kùnà bíi ti eléré, ìyà rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní ìtàn tirẹ̀ nípa àwọn méjì tí okùn so pọ̀. Níbi Paralympics Tokyo, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Keula Semedo ọmọ Cape Verde kò rí ọ̀nà lọ sí ìpele tó kàn nínú eré mítà 200 ti T11. Kó tó kúrò lórí pápá, amọ̀nà rẹ̀, Manuel Vaz da Veiga, kúnlẹ̀, ó yọ òrùka, ó ní kó fẹ́ òun. Àwọn akẹgbẹ́ wọn ń pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ìfẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi wà nítòsí láti dẹnu kọ ọmọ ni pé wọ́n ti jọ ń sáré kí ọjọ́ náà tó dé. Amọ̀nà kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa ń wá ní àárọ̀ ọjọ́ ìje. Ìṣísẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìṣísẹ̀ mu, ọwọ́ gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ fì, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn ìlú tó ti ronú sí i ti kọ́kọ́ dá ibi ìpàdé sílẹ̀. Dick Traum, tí ìjàǹbá ọkọ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sá Marathon New York ní 1976, dá ẹgbẹ́ Achilles sílẹ̀ ní 1983 láti máa so akàndá ẹ̀dá pọ̀ mọ́ àwọn tí yóò bá wọn sá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ England Athletics ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ ṣe amọ̀nà, ó sì ní ibi tí ẹni tí kò ríran ti lè wá amọ̀nà tó wà ládùúgbò rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ní Peckham, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran, lè fi ìròyìn ara rẹ̀ ránṣẹ́ kó sì rí ẹni tí yóò bá a sáré láàárọ̀ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ṣakí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ohun èlò rẹ̀ kò jìnnà sí Ṣakí. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ akàndá ẹ̀dá, Federal College of Education (Special), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà ní Ọ̀yọ́. Títì tí wọ́n tún ṣe ló so ìlú náà mọ́ Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí kò ríran rìn wà, níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran fúnra wọn wà, tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ tó sì lè sáré. Ìsẹ́yìn ní ibùdó àwọn agùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́ ti máa ń jí sáré láàárọ̀ kùtùkùtù, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. Ṣakí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga The Oke-Ogun Polytechnic. Bí olùṣètò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kó kó ogún nínú àwọn tó yá jọ, kó pe olùkọ́ méjì láti Ọ̀yọ́, àwọn amọ̀nà á ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Okùn pàápàá kò nílò kó ti òkè òkun wá: ọ̀já aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ọwọ́ ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í nà, kì í já, kì í sì í dá ọwọ́ lápá.

Owó amọ̀nà ni ó kù. Afọ́jú tó bá fẹ́ ti Kíṣí wá sáré ní Ìsẹ́yìn, owó ọkọ̀ ènìyàn méjì ni yóò san, yàrá ènìyàn méjì, oúnjẹ ènìyàn méjì. Bí olùṣètò bá tún wá gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ amọ̀nà, bí ìgbà tí wọ́n ń bu owó lé ojú ẹni tí kò ríran ni. Ó yẹ kí nọ́ńbà amọ̀nà jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n fún un ní aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yà fún wọn, kí wọ́n sì fún un ní omi. Omi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ tó ń na omi inú ọ̀rá sí àwọn sárésáré ọwọ́ kan ló máa ń nà. Afọ́jú kò rí i, ọwọ́ amọ̀nà kan sì wà nínú okùn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti fi eyín ya ọ̀rá náà kó tó dé ọwọ́ wọn, kó sì jẹ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Adití kò gbọ́ ìró ìbọn ìgbéra. Kí wọ́n sọ àsíá kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìró náà, ó parí. Ohun tó léwu fún un ju ìyẹn lọ ni ọkọ̀ tó ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀ lórí títì tí wọn ò tì pa tán. Àfín nílò kí eré bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó le, nítorí oòrùn ilẹ̀ ọ̀dàn kì í ṣàánú awọ ara. Ẹni tó ní apá kan kò nílò ohunkóhun rárá ju kí wọ́n ka eré rẹ̀ kún lọ. Ajíbọ́lá Adéoyè fi apá kan gba wúrà méjì fún Nàìjíríà ní Paralympics Barcelona ní 1992, mítà 100 àti 200. Ìṣẹ́jú àáyá 10.72 ló fi sá mítà 100. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ alápá méjì kò sún mọ́ iye yẹn rí, síbẹ̀ mélòó nínú àwọn ọmọ ilé ìwé Òkè-Ògùn ló gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ghana mọ bí wọ́n ṣe ń lo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ jù wá lọ. Ní 2001, Emmanuel Ofosu Yeboah, tí ẹsẹ̀ kan péré ń ṣiṣẹ́ fún, gun kẹ̀kẹ́ la Ghana kọjá, nǹkan bíi kìlómítà 600, ariwo tó tẹ̀ lé e sì wà lára ohun tó gbé òfin àwọn akàndá ẹ̀dá ti 2006 lárugẹ níbẹ̀.

Nàìjíríà náà ní òfin. Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó lòdì sí yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Iléeṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò san ₦1,000,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san ₦100,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ó dárúkọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì àti ibi tí wọ́n ti ń sọdá, pé ó gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún oníkẹ̀kẹ́ àti ẹni tí kò ríran. Ẹni tó bá rin Ìsẹ́yìn láti ìdíkọ̀ dé ààfin mọ bí èyí ti ṣẹ tó. Ṣáájú òfin yìí, ní 2010, Nàìjíríà ti fòǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ní kí àwọn akàndá ẹ̀dá lè kópa nínú eré ìdárayá pẹ̀lú àwọn yòókù. Olùṣètò eré tó bá ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kò lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ewu kan wà tó yẹ kí wọ́n sọ jáde. Òfin lè sọ àwọn olùṣètò di elétàn: wọ́n á kọ “ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn” sára pátákó, akàndá ẹ̀dá márùn-ún á wá, wọn á gbéra pẹ̀lú àwọn yòókù, nígbà tí wọ́n bá dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n ti ṣí títì fún ọkọ̀, tábìlì omi ti kúrò. Ó sàn kí eré kan sọ gbangba pé òun kò tíì lè gba oníkẹ̀kẹ́ lọ́dún yìí, kó sì sọ ọdún tí yóò gbà á, ju kó pè wọ́n wá sáàárín tirela lọ.

Bó bá jẹ́ pé Òkè-Ògùn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kìlómítà 10 ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Marathon. Kí wọ́n ya ibi tó tẹ́jú díẹ̀ sọ́tọ̀ lórí ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Mọníyà, kí wọ́n lọ kí wọ́n sì padà síbi kan náà, kí wọ́n má bàa nílò ọkọ̀ tí yóò kó kẹ̀kẹ́ padà. Oníkẹ̀kẹ́ afọwọ́wà á gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, àwọn tí kò ríran àti amọ̀nà wọn ní aago mẹ́fà ààbọ̀, àwọn yòókù ní aago méje. Títì á wà ní títì pa títí ẹni ìkẹyìn á fi dé. Ìsọ̀rí ńláńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún tó. Àwọn tó ń fún ènìyàn ní ìsọ̀rí T11 tàbí T12 gidi kò sí ní gbogbo ìgbà, kò sì yẹ kí ìdíje àdúgbò dúró dè wọ́n. Ní ti oṣù, oṣù kejì tí Èkó ń lò kò dára fún ibí, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń fi ọ̀fun ṣeré, a sì ti rí ohun tí iyanrìn ń fi táyà kẹ̀kẹ́ ṣe. Oṣù kọkànlá ló bọ́ sí i: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò tíì gorí, ìkórè ti ń lọ sópin, àwọn tó ń ti oko bọ̀ sì ti ráyè dúró lẹ́bàá títì wò wọ́n. Lórí ìwé àbájáde tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orúkọ méjì ni yóò wà lórí ìlà kan fún ẹni tí kò ríran kọ̀ọ̀kan: tirẹ̀ àti ti ẹni tó bá a sáré.